Àyẹ̀wò Ìlera Àtìgbàdégbà fún Ọmọdé àti Ọ̀dọ́langba ní Nàìjíríà

Àyẹ̀wò ìlera àtìgbàdégbà ni ètò tí a fi ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ le lọ sí ilé ìwòsàn ní àkókò tí a ti là kalẹ̀, kí òṣìṣẹ́ ìlera lè wọn ìdàgbàsókè rẹ̀, kí ó fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu, kí ó sì wá àìsàn tí kò tíì fi ara hàn. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìtọ́jú aláìsàn ni pé kì í ṣe ara ríro ni ó ń gbé ọmọ lọ síbẹ̀. Ọjọ́ orí ni. Àwọn ìyá ní Nàìjíríà kì í sábà pè é ní orúkọ gígùn yìí. "Mo fẹ́ gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́" tàbí "mo fẹ́ lọ wọn ọmọ" ni wọ́n máa ń wí, ọ̀rọ̀ náà sì bá bí ètò náà ṣe rí mu gan-an. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni òpó tí ó gbé e dúró. Níbi tí abẹ́rẹ́ bá sì ti tán, níbẹ̀ ni àyẹ̀wò ti máa ń tán fún ọ̀pọ̀ ọmọ, nígbà tí ìdàgbàsókè wọn kò tíì dé ìdajì ọ̀nà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ètò náà

Ní ọdún 1935, Cicely Williams, dókítà obìnrin tí wọ́n bí ní Jàmáíkà tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ilẹ̀ tí ó di Gánà lónìí, gbé ọ̀rọ̀ kan jáde láti inú èdè Gã nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, The Lancet. Ọ̀rọ̀ náà ni kwashiorkor. Ìtumọ̀ tí àwọn ìyá fún un ni àìsàn ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú nítorí pé àbúrò rẹ̀ ti dé. Ẹsẹ̀ ọmọ á wú, irun rẹ̀ á pọ́n, awọ ara rẹ̀ á máa bó. Orúkọ yìí fi hàn pé àwọn ìyá ti mọ ohun kan ṣáájú àwọn dókítà: ewu kì í parí pẹ̀lú ìgbà ọmọ ọwọ́. Ọdún kejì àti ìkẹta, nígbà tí ojú gbogbo ilé ti yí sí ọmọ tuntun, ni ebi àìtó oúnjẹ gidi máa ń mú ọmọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sì í dé ilé ìwòsàn àfi ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú.

Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà ni David Morley, dókítà àwọn ọmọdé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú kan tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, láti ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Ohun tí wọ́n rí kò ṣòro láti sọ. Bí eéyi tàbí ikọ́ líle bá mú ọmọ, ọmọ á rù; bí kò bá tíì rí ara rẹ̀ gbà padà kí òmíràn tó dé, ibẹ̀ ni ikú ti ń bá a. Ìyá rí i lójoojúmọ́, nítorí náà kò lè mọ̀ pé ó ń rù. Nọ́ọ̀sì rí i lẹ́ẹ̀kan, òun náà kò sì mọ bí ó ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Ìdáhùn Morley ni klíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ṣáájú ìgbà náà, ọjọ́ wíwọn ọmọ yàtọ̀ sí ọjọ́ ìtọ́jú aláìsàn ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn. Ìyá tí ó rin ibùsọ̀ mélòó kan nítorí ikọ́ ọmọ lè dé ibẹ̀ ní ọjọ́ tí kì í ṣe ti ikọ́. Klíníìkì tuntun yìí so méjèèjì pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan: wọ́n á wọn ọmọ, wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n á sì tọ́jú ikọ́ rẹ̀ ní ìjókòó kan náà. Nọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, nítorí dókítà kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà kò sì béèrè fún dókítà.

Káàdì tí wọ́n ń lò kò ju bébà líle kan lọ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ pọ̀. Oṣù tí wọ́n bí ọmọ ni wọ́n á kọ sí àpótí àkọ́kọ́ nísàlẹ̀, wọ́n á sì kọ àwọn oṣù yòókù tẹ̀ lé e, kí nọ́ọ̀sì má baà máa ṣírò ọjọ́ orí nígbà tí èrò pọ̀ níwájú rẹ̀. Ìlà méjì tí ó ń gòkè wà lójú káàdì, àárín wọn sì dà bí ojú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi pè é ní Ọ̀nà sí Ìlera. Àyè kan wà lórí rẹ̀ fún ìdí tí ó fi yẹ kí a ṣọ́ ọmọ kan ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ: bóyá ìbejì ni, bóyá ìyá rẹ̀ ti kú, bóyá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ti kú ṣáájú. Ohun tí ó sì ya àwọn oníṣègùn ìgbà náà lẹ́nu jù ni pé ìyá ni wọ́n fi káàdì náà lé lọ́wọ́, nínú ọ̀rá, kí ó máa gbé e lọ sílé. Wọ́n rò pé yóò sọnù. Àwọn ìyá pa káàdì mọ́ dáadáa, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ṣe é ju àwọn akọ̀wé ilé ìwòsàn pàápàá lọ. Láti Ìmẹ̀sí ni ọ̀nà ìṣiṣẹ́ yìí ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà àti Éṣíà, káàdì tí ó wà lọ́wọ́ ìyá ní Málì tàbí ní Íńdíà lónìí sì jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀, Olikoye Ransome-Kuti, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìtọ́jú ọmọdé tí ó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, ni ó fi ètò ìlera alábọ́ọ́dé lé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára ti bẹ̀rẹ̀ ní 1979. Àjọ UNICEF náà sì ti fi wíwọn ìdàgbàsókè ọmọ ṣe ọ̀kan nínú ohun mẹ́rin tí ó ń polongo láti 1982, pẹ̀lú omi oníyọ̀-àti-ṣúgà, fífún ọmọ lọ́mú àti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, abẹ́rẹ́ ni owó àti àfiyèsí pọ̀ sí jù, nítorí pé ó rọrùn láti kà. Òṣùwọ̀n wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìlera títí di òní. Kíkà tí a ń ka ohun tí ó sọ ni ó dín kù.

Ìlà tí ó wà lórí káàdì

Ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò sọ púpọ̀. A lè fi ọmọkùnrin méjì ṣe àpẹẹrẹ, tí àwọn méjèèjì wọn kìlógíráàmù 8.0 ní oṣù kẹsàn-án. Èyí àkọ́kọ́ wọn 6.2 ní oṣù kẹrin, ó wọn 7.1 ní oṣù kẹfà. Ọmọ kékeré ni, bóyá bàbá àti ìyá rẹ̀ náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ ń gòkè ní ìbámu pẹ̀lú ti orí káàdì, kò sì sí ohun tí ó yẹ kí a dààmú lé lórí. Èkejì wọn 7.8 ní oṣù kẹrin, ó wọn 8.3 ní oṣù kẹfà. Ọmọ tí ó sanra nígbà kan rí ti wá ń pàdánù ara. Ẹni tí ó bá wo ọjọ́ òní nìkan yóò sọ pé dọ́gbandọ́gba ni wọ́n. Ẹni tí ó bá wo ìlà yóò mú ọmọ kejì jókòó, yóò sì béèrè ohun tí ó ń jẹ láti ìgbà tí wọ́n ti fi oúnjẹ kún ọmú, bóyá ó ti ṣu gbuuru, bóyá ó ń wúkọ́, bóyá ìyá ti tún lóyún.

Lọ́pọ̀ ìgbà, inú àwo ni ìdáhùn wà. Ẹ̀kọ mímu tí ó ṣàn bí omi á kún inú ọmọ, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ní agbára nínú. Nọ́ọ̀sì tí ó mọṣẹ́ kì í sọ fún ìyá pé kí ó lọ ra oúnjẹ inú agolo. Á ní kí ó jẹ́ kí ẹ̀kọ náà ki díẹ̀, kí ó fi ẹyin, edé gígún, ẹ̀wà tí a ti bó èèpo rẹ̀ tàbí epo pupa kún un. Ìmọ̀ràn yìí ni èrè wíwọn ọmọ. Bí wọ́n bá wọn ọmọ tí wọ́n sì kọ nọ́ńbà sílẹ̀ láìbá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, àkókò ìyá ni wọ́n fi ṣòfò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ tí ó ní ìlera máa ń sanra kíákíá. Ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń di ìlọ́po méjì ti ọjọ́ ìbí ní nǹkan bí oṣù márùn-ún, ìlọ́po mẹ́ta ní ọdún kan. Òǹtẹ̀ tí a fi ń díwọ̀n rẹ̀ lónìí ni èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2006, lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ̀ lé àwọn ọmọ ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà: Brazil, Gánà, Íńdíà, Norway, Oman àti Amẹ́ríkà. Ìlú Accra ni wọ́n ti wọn àwọn ti Gánà. Èyí ṣe pàtàkì, torí pé ìwádìí náà fi hàn pé ọmọ Accra tí wọ́n fún lọ́mú tí ó sì jẹun dáadáa ń ga bí ọmọ Oslo. Kò yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera tún máa sọ pé "bí àwọn ọmọ tiwa ṣe ń kúrú nìyẹn."

Fún ọmọ tí ó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí oṣù 59, ọ̀nà tí ó yá jù wà: okùn olówó pọ́ọ́kú tí a ń wé mọ́ apá òsì lókè. Bí apá bá kéré sí sẹ̀ǹtímítà 11.5, àwọ̀ pupa ni okùn á fi hàn, ọmọ náà sì nílò ìtọ́jú kíákíá, láàárín 11.5 sí 12.5, àwọ̀ ìyeyè. Bí ó bá tó 12.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọ̀ ewé. Ìyá tí kò mọ̀wé lè kọ́ ọ ní ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹ kí ó wáyé kí ọjọ́ ìbí ọmọ tó kọjá, kí òmíràn sì tẹ̀ lé e ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta àti nínú ọ̀sẹ̀ kejì. Ní Nàìjíríà, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n máa ń fò jù, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ilé ni wọ́n bí ọmọ sí. Òṣìṣẹ́ ìlera á wo bí ọmọ ṣe ń mu ọmú, á fọwọ́ kan àwùjẹ̀ orí rẹ̀, á wo okùn ìwọ́. Ohun ìpara chlorhexidine ni a ń fi sí ìwọ́ báyìí dípò ìgbẹ́ ẹran, òróró tàbí iyọ̀, nítorí ẹnu ìwọ́ ni tẹ́tánọ́ọ̀sì àti oríṣìíríṣìí kòkòrò ń gbà wọlé.

Ojú ọmọ tí ó pọ́n bí ìyeyè yẹ fún àlàyé sí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ló máa ń ní in díẹ̀, tí yóò sì lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tàbí tí ó bá tàn dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ó lè ba ọpọlọ jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ohun tí yóò sì fi sílẹ̀ ni etí dídi àti ara líle tí kò ní lọ títí ayé. Kì í ṣe oòrùn àárọ̀ ni oògùn rẹ̀, kì í sì í ṣe omi ìbẹ́pẹ ewé. Iná aláwọ̀ búlúù ti ilé ìwòsàn ni, nígbà mìíràn sì rèé, pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ohun kan wà tí ó ń dá kún un ní ilẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ, pàápàá ọmọkùnrin, ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà G6PD tó. Kàfúrà tí wọ́n máa ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí ìyá àgbà ti tọ́jú sínú àpótí fún ọdún márùn-ún, tí ó wá fi tayọ̀tayọ̀ wé ọmọ-ọmọ rẹ̀, lè jẹ́ ìdí tí ọmọ náà yóò fi dé ilé ìwòsàn. Ìbéèrè nípa kàfúrà kò wọ́n owó kankan, ó sì yẹ kí ó wà lára gbogbo àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ni ó yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ ikọ́ fée àti ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ irú B, pẹ̀lú ẹ̀kán oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sí ẹnu. Lẹ́yìn náà, ìyá á padà wá ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 fún abẹ́rẹ́ alápapọ̀ tí ó ń dènà àrùn márùn-ún, abẹ́rẹ́ òtútù àyà àti ẹ̀kán oògùn tí ó ń dènà irú ìgbẹ́ gbuuru kan. Ní oṣù kẹsàn-án, eéyi, ibà pọ́njú àti yírùnyírùn. Ní oṣù 15, eéyi lẹ́ẹ̀kejì. Láti oṣù kẹfà ni ọmọ á sì ti máa gba fítámì A ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà títí di ọdún márùn-ún. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ní ilé ìlera ìjọba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ọkọ̀ àti ọjà tí ìyá kò tà lọ́jọ́ náà kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ẹni tí ó bá ka àkókò wọ̀nyí dáadáa yóò rí àlàfo kan: láti ọ̀sẹ̀ 14 dé oṣù kẹsàn-án, ìyá kò ní abẹ́rẹ́ kankan láti wá gbà. Bẹ́ẹ̀, inú àkókò yìí gan-an ni oúnjẹ bẹ̀rẹ̀, tí ìlà ìdàgbàsókè sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Abẹ́rẹ́ ibà tuntun lè yí èyí padà. Ní Oṣù Kejìlá 2024 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní abẹ́rẹ́ ibà R21 ní ìpínlẹ̀ Kebbi àti Bayelsa. Oṣù 5, 6, 7 àti 15 ni wọ́n ń fún ọmọ. Níbi tí ó bá dé, ìyá yóò tún padà sí iwájú òṣùwọ̀n ní àkókò tí ó ṣòfo tẹ́lẹ̀.

Ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ara nìkan ni à ń wò. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹ kí ó ti máa rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀. Ọrùn yẹ kí ó ti le ní oṣù kẹrin. Ọ̀pọ̀ ọmọ á ti lè dá jókòó kí wọ́n tó pé oṣù kẹsàn-án, wọ́n á sì ti rìn kí oṣù 18 tó pé. Ọmọ tí kò yíjú sí ohùn ìyá rẹ̀ lè jẹ́ adití. Bí a bá tètè mọ̀, a lè kọ́ ọ ní èdè àmì. Bí a kò bá mọ̀ títí ó fi pé ọdún mẹ́rin, ilé àti àdúgbò á ti máa pè é ní olódo tàbí olóríkunkun.

Fòníkú-fọ̀ladìde

Kò sí ibòmíràn tí àìsí àyẹ̀wò ti ná orílẹ̀-èdè yìí ní ẹ̀mí ọmọ bí ti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Nǹkan bí ọmọ 150,000 ni wọ́n fojú díwọ̀n pé wọ́n ń bí pẹ̀lú rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dọọdún, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin sì ni jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ AS. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí Yorùbá ń pè ní àbíkú, tí Ìgbò sì ń pè ní ọ̀gbáǹje, ni àrùn yìí pa.

Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń tanni jẹ. Irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ gbé jáde láti inú oyún ṣì ń dáàbò bò ó, nítorí náà kì í sí àmì kankan títí di nǹkan bí oṣù kẹfà, nígbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú tí yóò sì máa ké. Ṣáájú àsìkò yẹn ni ó yẹ kí a ti mọ̀. Ọmọ tí a mọ̀ ní kùtùkùtù lè bẹ̀rẹ̀ sí í lo pẹnisílíìnì lójoojúmọ́ láti oṣù kejì tàbí ìkẹta títí di ọdún márùn-ún, kí kòkòrò má baà pa á lójijì. A lè kọ́ ìyá láti máa fọwọ́ tẹ ìhà òsì ọmọ lábẹ́ egungun, kí ó lè mọ̀ bí ohun kan bá wú níbẹ̀ lójijì tí ọmọ sì funfun, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ ti ń rọ́ jọ síbẹ̀ tí kò sì yẹ kí ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn.

Ayẹ̀wò yìí kò tíì di dandan fún gbogbo ọmọ tuntun ní Nàìjíríà. Ó sì yẹ kí a sọ pé kì í ṣe gbogbo ọ̀nà àyẹ̀wò ni ó dára fún ọmọ ọwọ́: èyí tí ó rọ̀jú jù, tí wọ́n fi ń wo bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń tẹ̀ bí dòjé, lè sọ pé kò sí nǹkan kan nígbà tí nǹkan wà. Bí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ bá ni wọ́n ṣe ní oṣù àkọ́kọ́, ó tọ́ kí wọ́n tún un ṣe.

Àwọn ọdún tí kò sí àdéhùn

Lẹ́yìn oṣù 15, káàdì á wọ inú àpótí. Ó lè jáde lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá béèrè fún un. Nínú ìwádìí nípa iye ènìyàn àti ìlera tí Nàìjíríà ṣe ní 2018, ìpín 31 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí ó wà láàárín oṣù 12 sí 23 ni ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ ìpìlẹ̀. Ìpín 19 kò gba ẹyọ kan. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò gba ẹyọ kan wọ̀nyí má tíì dé iwájú òṣùwọ̀n rí. Ìwádìí kan náà fi hàn pé ìpín 37 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ó kúrú ju bí ó ṣe yẹ fún ọjọ́ orí wọn lọ. Kíkúrú bẹ́ẹ̀ kì í dé lọ́jọ́ kan. Oṣù ni ó ń fi wọlé, ojú lásán kò sì lè rí i, nítorí pé bí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà ní àdúgbò bá kúrú, òun náà á dà bí ẹni tí ó tọ́.

Ìlànà ìlera ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2006 sọ pé kí a máa yẹ ọmọ wò kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́, kí a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò látìgbàdégbà lẹ́yìn náà. Ìlànà náà dára. Àwọn tí yóò ṣe é ni kò tó. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò nílò dókítà. Olùkọ́ lè lẹ àwòrán lẹ́tà E mọ́ ògiri, kí ó wọn mítà mẹ́fà, kí ó sì mọ ọmọ tí kò ríran láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ọmọ tí ó ń jókòó lẹ́yìn tí ó sì ń da ọ̀rọ̀ ojú pátákó rú kì í ṣe olódo ní gbogbo ìgbà. Etí tí ń ṣọyún, ehín tí ó ti jẹrà, aràn inú àti àìtó ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń rí. Ní àwọn ìlú tí ó wà létí odò àti ìdídò, ó yẹ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ bóyá ìtọ̀ wọn pọ́n. Àtọ̀sí ajá ni; ní ibi tí ó pọ̀ sí, àwọn ọmọkùnrin a máa rò pé àmì ìdàgbà ni, wọn kì í sì í sọ ọ́ nílé.

Ọ̀dọ́langba

Láti ọdún mẹ́wàá sókè, àyẹ̀wò yí padà, nítorí ẹni tí à ń yẹ̀ wò ti lè fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ti ní ohun tí kò fẹ́ kí òbí rẹ̀ gbọ́. A ṣì ń wọn gíga àti ìwọ̀n rẹ̀. A tún ń wọn ìfúnpá rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe àìsàn àgbà nìkan, a sì ń béèrè nípa nǹkan oṣù, oorun, oúnjẹ, sìgá àti oògùn tí kò tọ́. A ń wo bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ọmọ tí kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré mọ́, tí ìwé rẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, kò yẹ kí ó kúrò níwájú òṣìṣẹ́ ìlera pẹ̀lú oògùn ibà lásán.

Abẹ́rẹ́ ni ó tún dá ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin padà sí ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera. Ní Oṣù Kẹwàá 2023, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ HPV kan ṣoṣo, tí ó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Àhesọ tètè jáde pé yóò sọ wọ́n di àgàn. Irú àhesọ kan náà ni ó dá oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró ní Kánò ní 2003, àrùn náà sì tàn láti ibẹ̀ dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé irú rẹ̀ tí ó ti inú ìgbẹ́ ayé wá ti tán ní Áfíríkà. Ìyàtọ̀ wà láàárín abẹ́rẹ́ tí àjèjì mú wá sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan àti èyí tí nọ́ọ̀sì tí ó ti ń wọn ọmọ náà láti kékeré fún un. Ìyá mọ nọ́ọ̀sì náà, ó sì lè bi í ní ìbéèrè. Níbi tí àyẹ̀wò ti dáwọ́ dúró fún ọdún mẹ́jọ, kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́.

Jẹ́nótáìpù tún padà wá ní ọjọ́ orí yìí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kò mọ tirẹ̀ títí ilé ìjọsìn yóò fi béèrè fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí ìgbéyàwó, nígbà tí aṣọ ẹbí ti délé. Àyẹ̀wò ọdún 15 tàbí 16 ni àkókò tí ó dára jù láti ṣe é, kí ọ̀dọ́ náà sì tún un ṣe ní ilé àyẹ̀wò mìíràn kí ó tó fi ṣe ìpinnu kankan.

Gbogbo èyí dá lé ohun kan tí ọ̀pọ̀ ilé ìlera ní Nàìjíríà kò tíì pèsè, ìyẹn yàrá kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì. Ọmọbìnrin tí ó bá ní láti sọ fún nọ́ọ̀sì, níwájú èèyàn mẹ́wàá tí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, pé nǹkan oṣù òun ti dáwọ́ dúró yóò sọ pé orí ló ń fọ́ òun. Ní àwọn ibi tí wọ́n ti ya ọjọ́ kan tàbí wákàtí kan sọ́tọ̀ fún ọ̀dọ́, àṣà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni pé òbí á kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú ọmọ, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà òbí á bọ́ síta fún ìgbà díẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera á sọ fún ọ̀dọ́ náà ṣáájú pé ohun tí ó bá sọ kò ní jáde, àyàfi bí ẹ̀mí rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn bá wà nínú ewu.